Awọ Ló Ya, Igi Kò Kú

Lára ògiri yàrá bàbá àgbà mi ní Akínmọ̀ọ́rìn, ìyáàlù dùndún kan wà tí ó dàgbà ju bàbá mi lọ. Igi rẹ̀ ti dúdú nítorí èéfín àti òógùn ọwọ́. Ó sán níbì kan, wọ́n sì fi awọ dì í. Nínú àwọn ṣaworo tí ó yí ojú rẹ̀ ká, mẹ́ta ti já dànù. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ojú máa ń tì mí bí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá rí i. Mo máa ń bi ara mi pé kí ló dé tí Bàbá kò ra tuntun, nígbà tí ọjà Ọ̀yọ́ kò jìnnà sí wa.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì JSS 3, a ń ṣe ọjọ́ àṣà nílé ìwé. Mo bẹ Bàbá àgbà kí wọ́n yá mi ní ìlù náà, wọ́n sì gbà. Mo gbé e sílẹ̀ nínú oòrùn ọyẹ́ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tí mo padà dé ìdí rẹ̀, ojú rẹ̀ kan ti ya láti etí dé etí. Mo sunkún délé. Mo rò pé mo ti ba ohun tí àwọn baba ńlá mi fi sílẹ̀ jẹ́. Bàbá àgbà yí ìlù náà sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọ́n fi ìka kan igi rẹ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

"Awọ ló ya, igi kò kú," ni wọ́n wí. "Èmi fúnra mi ti pààrọ̀ awọ yìí ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ. Bàbá mi náà pààrọ̀ rẹ̀ kí n tó gbà á lọ́wọ́ wọn."

Ọ̀rọ̀ yẹn yà mí lẹ́nu. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wá ni ó gbó lára ìlù àtijọ́? Igi apá tàbí igi ọ̀mọ̀ ni àwọn agbẹ́gilére máa ń fi gbẹ́ dùndún. Wọ́n á gbẹ́ inú rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ méjèèjì fẹ̀, kí àárín rẹ̀ sì tín-ín-rín. Awọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń bo ẹnu méjèèjì. Ọsán, ìyẹn okùn awọ, ni wọ́n fi ń so ojú kìíní mọ́ èkejì. Bí onílù bá fún ọsán pọ̀, ohùn ìlù á lọ sókè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Nítorí pé èdè olóhùn ni èdè Yorùbá, báyìí ni ìlù ṣe ń sọ̀rọ̀. Awọ máa ń ya, ọsán máa ń já, kọ̀ǹgọ́ máa ń ṣẹ́. Gbogbo wọn ni à ń pààrọ̀. Igi ni ó ń dúró. Àwọn àgbà onílù a tilẹ̀ máa sọ pé igi tó hù lẹ́bàá ọ̀nà ló dára jù láti fi ṣe ìlù, nítorí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn tipẹ́tipẹ́.

Bàbá àgbà kò tètè pààrọ̀ awọ tí mo ya, nítorí ọwọ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni ìlù náà ṣe wà títí di ọdún tó kọjá, tí ọkùnrin kan tó ń ra ohun àtijọ́ fi wá sílé wa. Ó yẹ ìlù náà wò. Inú rẹ̀ dùn sí ibi tó sán, inú rẹ̀ sì dùn sí ibi tó ya. Ó ní kí a má pààrọ̀ awọ rẹ̀, kí a má sì nu èéfín ara rẹ̀. "Bó ṣe gbó yìí gan-an ni mo fẹ́ ẹ," ni ó wí. Kò ní kí ẹnikẹ́ni lù ú kí òun gbọ́. Iye tí ó dá lé e tó owó ìdánwò WAEC mi, ó sì tún ṣẹ́kù. Bàbá mi wò mí, mo wolẹ̀. Bàbá àgbà ní kí ó lọ ná, kí ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú mi bi olùkọ́ ìtàn wa léèrè pé, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ìlù tó bá kúrò nílé? Wọ́n ní kí n lọ kà nípa ìlù kan tó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Láàárín ọdún 1700 sí 1750 ni wọ́n ṣe ìlù náà. Virginia ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí i, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí Hans Sloane, dókítà kan tó ń kó ohun oríṣiríṣi jọ. Nígbà tí Sloane kú ní ọdún 1753, ohun tó kó jọ ni wọ́n fi dá ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé náà sílẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa ìlù náà ni pé àwọn Íńdíà ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ni ín. Ó pẹ́ kí àyẹ̀wò igi rẹ̀ tó fi hàn pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni igi náà ti wá, àti pé ìlù àwọn Akan ilẹ̀ Gánà ni. Igi náà jẹ́ ìbátan igi ọ̀mọ̀ tiwa. Ọkọ̀ òkun tó ń kó ẹrú ni ó ṣeé ṣe kí ó gbé e kọjá.

Ohun tó dá mi dúró nínú ìtàn náà ni awọ ojú ìlù ọ̀hún. Awọ àgbọ̀nrín ni, àwọn onímọ̀ sì gbà pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí i. Nígbà tí mo kà á, ohùn Bàbá àgbà ni mo gbọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, awọ tó bá a dé òkè òkun ti ya, ẹnì kan sì wá awọ mìíràn ní ilẹ̀ àjèjì, ó fi bò ó, ó ń lù ú lọ. A kò mọ orúkọ ẹni náà, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé kò jẹ́ kí igi kú.

Kì í ṣe ohun kékeré ni kí ẹrú ní ìlù lọ́wọ́ nígbà náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1739, àwọn ẹrú dìde ní Stono, ní South Carolina. Wọ́n ń lu ìlù bí wọ́n ṣe ń lọ, ìró rẹ̀ sì ń pe àwọn mìíràn. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun wọn tán, òfin tí ìjọba ibẹ̀ ṣe ní ọdún 1740 ka ìlù àti ìwo léèwọ̀ fún ẹrú. Ẹni tó ṣòfin yẹn mọ̀ pé ìlù ń sọ̀rọ̀.

Àwọn Faransé náà mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1916, wọ́n gba Djidji Ayôkwé, ìlù ńlá àwọn Ébrié ní Côte d'Ivoire. Ó gùn ju mítà mẹ́ta lọ, ó sì wúwo tó 430 kílò. Òun ni àwọn ará ìlú fi ń kìlọ̀ fún ara wọn pé àwọn òyìnbó ń bọ̀ wá kó ènìyàn fún iṣẹ́ àfipáṣe. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Faransé tó fọwọ́ sí òfin láti dá a padà, ní oṣù keje ọdún 2025.

Nílé wa níbí ńkọ́? Nígbà tí Samuel Johnson, àlùfáà tó gbé ní Ọ̀yọ́, ń kọ ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó parí ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921, ó gba ọ̀pọ̀ ìtàn lọ́dọ̀ àwọn arọ́kin ààfin. Ó ní onílù wà lára wọn. Ọ̀yọ́ Ilé ti tú ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ṣáájú, ilé jó, ènìyàn fọ́n ká, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn Aláàfin kò sọnù, nítorí ó wà lẹ́nu ènìyàn àti lójú ìlù. Ìwé tí à ń kà ní kíláàsì lónìí jẹ onílù ní gbèsè.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, ọkùnrin náà padà wá. Bàbá àgbà ní, "Bí kò bá sí ẹni tí yóò lù ú lẹ́yìn mi, ẹ tà á. Ta ni yóò lù ú?" Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Ìbàdàn àti Èkó. Kò sí ẹni tó fèsì. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Èmi ni, Bàbá." Bàbá mi ní obìnrin kì í lùlù nílé wa. Mo fẹ́ dárúkọ Aralola Olamuyiwa, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ara, obìnrin tó fi ìlù gángan di ìlú-mọ̀ọ́ká, ṣùgbọ́n Bàbá àgbà ti bọ́ sọ́rọ̀ náà.

"Kí ni mo fi ṣáájú orúkọ ọmọ yìí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀?"

Bàbá mi dáhùn pé, "Àyàn ni, sà."

"Ṣé ẹ gbọ́ pé mo ní kí Àyàn dúró dìgbà tí a bá bí ọkùnrin?"

Ọkùnrin náà lọ. Màmá mi ta gàrí, bàbá mi yá owó tó kù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n sì san owó WAEC mi. A kò tíì san gbèsè náà tán.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Bàbá àgbà jókòó sórí àga, èmi jókòó sílẹ̀. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, nítorí náà ọwọ́ mi ni wọ́n lò. Mo rẹ awọ ewúrẹ́ sómi, mo fá irun rẹ̀, mo fi bo ojú ìlù, mo sì ń fa ọsán bí wọ́n ṣe ń sọ. Ìgbà mẹ́ta ni mo tú u. Títí di òní, "Ẹ káàárọ̀" àti orúkọ Bàbá àgbà nìkan ni mo lè fi ìlù náà pè tí wọn yóò gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, bí ìlù, fèrè tàbí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àtijọ́ bá wà nílé yín, ẹ má kàn fi kọ́ ògiri, kí ẹ máa yangàn pé ó gbó. Ẹ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n lù, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì lè fi han yín. Awọ ń bẹ lọ́jà lójoojúmọ́. Ọwọ́ tí yóò fi bò ó ni kò sí lọ́jà.