Ìṣesí Ẹ̀dá àti Àjọṣe Lẹ́nu Iṣẹ́

Ìṣesí ẹ̀dá ni ọ̀nà tí oníkálukú ń gbà ronú, tó ń gbà sọ̀rọ̀, tó ń gbà bínú tàbí dákẹ́, tó sì máa ń hàn lára rẹ̀ léraléra débi pé ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa lè sọ ohun tí yóò ṣe kó tó ṣe é. Ọjọ́ pẹ́ tí ọmọ aráyé ti ń pín ara wọn sí oríṣi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lóde òní, àwọn ilé iṣẹ́ ń lo irú ìpín bẹ́ẹ̀ kí àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ lè gbọ́ ara wọn yé. Ilẹ̀ Ìbàràpá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni àyọkà yìí ti wo ọ̀rọ̀ náà, láti Ayétẹ̀ tó jẹ́ olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàràpá, dé Ìgbò-Ọrà, ìlú àwọn ìbejì, àti Ìdèrè tó múlé gbè é.

Kí ìwé kankan tó dé ni Yorùbá ti ní orúkọ fún irú ènìyàn: ọlọ́yàyà, onínúfùfù, aláfarabalẹ̀, aláròjinlẹ̀, olóríkunkun, ẹni jẹ́jẹ́. Orúkọ àmútọ̀runwá pàápàá ń sọ fún ará ilé pé kí wọ́n máa retí irú ìwà kan lára ọmọ. Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni Ìgè ṣe ń ṣe, pé ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé wáyé. Àwọn òbí a sì tún gbé ọmọ tuntun lọ sọ́dọ̀ babaláwo fún àkọsẹ̀jayé, láti mọ irú ẹni tó wá sílé àti bí wọn yóò ṣe tọ́ ọ. Nínú ìtàn Ifá, ọ̀dọ̀ Àjàlá alámọ̀ ni ẹ̀dá ti ń yan orí rẹ̀ kó tó wáyé. Ṣùgbọ́n Ifá kan náà sọ pé Ìwà jẹ́ aya Ọ̀rúnmìlà, tó fi í sílẹ̀ nígbà tí kò tọ́jú rẹ̀ mọ́. Wándé Abímbọ́lá kọ̀wé lórí ìtàn yìí ní 1975, níbi tó ti ṣàlàyé ìwàpẹ̀lẹ́ gẹ́gẹ́ bí òpó ìgbé ayé Yorùbá. Ìtàn méjèèjì kò ta kora. Orí jẹ́ ohun tí a mú wá, ìwà jẹ́ ohun tí a ń tọ́jú. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà lórí ọ̀rọ̀ ìṣesí, n kò tíì rí àlàyé tó wúlò fún ọ̀gá iṣẹ́ ju èyí lọ.

Ní Ìgbò-Ọrà, ọ̀rọ̀ yìí di ohun tí a ń fojú rí lójoojúmọ́. Ìwádìí tí oníṣègùn kan, Patrick Nylander, ṣe ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà fi hàn pé nínú 1,000 ìbímọ, bíi 45 máa ń jẹ́ ìbejì, iye tó ga ju ti ilẹ̀ Yúróòpù lọ lọ́nà púpọ̀. Láti 2018 ni wọ́n ti ń ṣe ọdún ìbejì nílùú náà. Yorùbá gbà pé Táíwò ni Kẹ́hìndé rán níṣẹ́ pé kó lọ tọ́ ayé wò. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe Táíwò ní aláìbẹ̀rù tó ń wọ inú ohun gbogbo, tí wọ́n sì ń pe Kẹ́hìndé ní ẹ̀gbọ́n tó ń fara balẹ̀ wòye. Bí a bá sọ fún ọmọ kan láti kékeré pé Táíwò ni, pé Táíwò kì í ní sùúrù, ó ṣòro kí ọmọ náà má dàgbà sínú orúkọ yẹn díẹ̀.

Ìbejì náà ni àwọn onímọ̀ fi ń wádìí ibi tí ìṣesí ti ń wá. Francis Galton ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1875. Thomas Bouchard àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn ìbejì tí wọ́n tọ́ sí ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní 1979. Ohun tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ fi hàn ni pé nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwà àwọn ènìyàn, nǹkan bí ìdá 40 sí 50 nínú 100 jẹ́ àbímọ́. Ìyókù wá láti inú ohun tójú ẹni ti rí. Ìbejì tó wá láti inú ẹyin kan, tó jọra gẹ́lẹ́, kò wọ́pọ̀ ní Ìgbò-Ọrà ju ibòmíràn lọ, nítorí pé bíi 4 nínú 1,000 ni wọ́n jẹ́ káàkiri ayé. Àwọn tó wá láti inú ẹyin méjì ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn wọ̀nyí kò sì jọra nínú ẹ̀jẹ̀ ju bí ọmọ ìyá lásán ṣe jọra lọ. Nítorí náà, kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé Táíwò jẹ́ ọlọ́yàyà, tí Kẹ́hìndé kì í fẹ́ kí àlejò pọ̀.

Ìpín kan tó ti pẹ́ gan-an nínú ìwé àwọn ará òkèèrè ni ti Hippocrates àti Galen ní ilẹ̀ Gíríìsì àti Róòmù àtijọ́, tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti òróòro oríṣi méjì ló ń darí ìwà. Ìṣègùn ti pa èrò náà tì, síbẹ̀ orúkọ mẹ́rin tó bí kò kú. Ìwé tí pásítọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà kan, Tim LaHaye, kọ ní 1966 mú un wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sì mọ Sanguine àti Choleric, méjì nínú orúkọ náà, láti inú ẹ̀kọ́ ìgbéyàwó. Ní 1921, Carl Jung pín ènìyàn sí àwọn tí agbára wọn ń wá láti inú àwùjọ àti àwọn tó ń wá a nínú ara wọn. Katharine Briggs àti ọmọ rẹ̀ Isabel Briggs Myers fẹ èrò yìí sí oríṣi 16, nínú ìdánwò MBTI tí ilé iṣẹ́ púpọ̀ ń lò. Àìlera rẹ̀ ni pé agbedeméjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wà, ìdánwò náà a sì tì wọ́n sí apá kan. Bí wọ́n bá tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn a bọ́ sí oríṣi mìíràn. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi fara mọ́ òṣùwọ̀n márùn-ún: ọ̀yàyà, ìfẹ́ sí ohun tuntun, ìgbatẹnirò, àìfiṣẹ́ṣeré, àti bí ọkàn ṣe ń tètè dàrú. Gbogbo wa la wà lórí òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan, tí tẹnìkan kàn ga ju tẹlòmíràn lọ.

Ìṣòro ńlá wà nígbà tí òṣùwọ̀n wọ̀nyí bá dé ọ́fíìsì ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ wo òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó kéré jù nínú ìpàdé: kò sọ̀rọ̀, kò wo ojú ọ̀gá, ó ń dáhùn pẹ̀lú "bẹ́ẹ̀ ni, sà". Ìwé ìdánwò yóò kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni jẹ́jẹ́. Ẹ dúró de àkókò oúnjẹ ọ̀sán, ẹ ó rí i láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, òun ni yóò máa pa gbogbo wọn lẹ́rìn-ín. Ẹ̀kọ́ ilé ló dákẹ́ nínú ìpàdé yẹn. Ọ̀gá tó bá fẹ́ mọ èrò rẹ̀ ní láti pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó jẹ́ kí àwọn ọmọdé sọ tiwọn kí àgbà tó la ẹnu, torí bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀ tán, wọn kò ní fẹ́ já a nírọ́. Onínúfùfù, ìdákọ́ńkọ́ ni kí a ti bá a wí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń tètè dàrú nílò kí a tètè sọ ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí. Aláròjinlẹ̀ a máa fẹ́ rí ohun tí ìpàdé dá lé kó tó di ọjọ́ rẹ̀.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ tún ń dá wàhálà sílẹ̀. Ìyá àgbà kan ní ọ́fíìsì lè ní, "Oòrùn mà ti ń wọ̀ o, ọmọ mi," kó sì túmọ̀ sí pé iṣẹ́ òní kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la. Ọmọ Yorùbá a gbọ́. Àgùnbánirọ̀ tó wá láti apá ibòmíràn ní Nàìjíríà kò ní gbọ́, wọn yóò sì ní ó ya ọ̀lẹ, ó ya aláìgbọràn. Ìjọba dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀ ní 1973 kí àwọn ọ̀dọ́ lè mọ ara wọn. Ọ̀rọ̀ kedere ni ó yẹ kí a fi kí wọn káàbọ̀.

Onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá kan, Lee Ross, fún irú àṣìṣe yìí ní orúkọ ní 1977: kí a máa rí ìwà níbi tó jẹ́ pé ipò tàbí àìgbọ́ra-ẹni-yé ló wà. Ìbàràpá ní àpẹẹrẹ rẹ̀. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá gbé ní Ìgbò-Ọrà, kí wọ́n lè kọ́ bí a ṣe ń bá ará ìlú ṣiṣẹ́. Ní Ìdèrè nígbà náà, àrùn sòbìyà máa ń dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ lọ́dọọdún. Ó rọrùn láti pe àwọn tí kò sẹ́ omi wọn ní olóríkunkun. Nígbà tí olùwádìí ìlera kan, William Brieger, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó bi wọ́n léèrè, wọ́n gbọ́ pé àwọn ará ìlú gbà pé sòbìyà wà nínú ara gbogbo ènìyàn látilẹ̀wá, kì í ṣe inú omi ló ti ń wá. Olóríkunkun kọ́ ni wọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ará abúlé fúnra wọn láti sọ ọ̀rọ̀ náà fún ara wọn, wọ́n sì ń ta asẹ́ omi. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà.

Ní ti ìgbanisíṣẹ́, àwọn olùwádìí méjì, Barrick àti Mount, kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 1991, wọ́n sì rí i pé àìfiṣẹ́ṣeré nìkan ló ń bá iṣẹ́ dáradára rìn ní gbogbo oríṣi iṣẹ́ tí wọ́n yẹ̀ wò. Ọ̀yàyà ń ran ọlọ́jà àti ọ̀gá lọ́wọ́, kò ran gbogbo ènìyàn. Àwọn tó ni MBTI gan-an sọ pé kò tọ́ kí a fi ìdánwò àwọn yan ẹni tí a fẹ́ gbà síṣẹ́. Síbẹ̀, àwọn agbanisíṣẹ́ kan ṣì ń lò ó bẹ́ẹ̀, tí ọ̀dọ́ tó kàwé jáde sì ń pàdánù iṣẹ́ nítorí lẹ́tà mẹ́rin tí ìdánwò náà fi pè é. Ohun tí irú ìdánwò yìí dára fún ni ìjíròrò láàárín àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ pọ̀, kí kálukú sọ bí òun ṣe ń fẹ́ kí wọ́n bá òun sọ̀rọ̀, kí ẹlòmíràn sì ní àǹfààní láti ní, "Mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dùn yín."