Omi Tí Wọ́n Mú Gun Òkè

Bí oṣù Keje bá ti wọlé ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, àwọn tó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ya lọ sí etí Canal du Midi. Àwọn kan á háyà ọkọ̀ ojú omi tí kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ awakọ̀. Àwọn mìíràn á gun kẹ̀kẹ́ lábẹ́ igi. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ á jókòó pẹ̀sẹ̀ ní Castelnaudary, wọn á máa jẹ cassoulet, ìyẹn ẹ̀wà funfun tí wọ́n se pẹ̀lú ẹran pẹ́pẹ́yẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ títí tó fi rọ̀ múlọ́múlọ́. Kìlómítà 8 ní wákàtí kan ni òfin gba ọkọ̀ láyè láti sá lórí omi náà. Kò sẹ́ni tó ń kánjú.

Àwọn tó gbẹ́ ẹ kò mọ̀ ọ́n sí ibi ìdẹ̀ra. Odò àfọwọ́gbẹ́ ni, kìlómítà 240, láti Toulouse títí dé ọ̀sà Thau létí Òkun Mẹditaréníà. Kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, ọkọ̀ tó bá fẹ́ kó ẹrù láti Bordeaux lọ sí Marseille ní láti yí ilẹ̀ Sípéènì po, kó gba ẹnu Gibraltar kọjá, kó sì máa wojú àwọn olè orí òkun. Odò Garonne ti so Toulouse mọ́ Òkun Àtìláńtíìkì tẹ́lẹ̀. Apá kejì ló kù.

Ẹni tó gbé e lé àyà, Pierre-Paul Riquet, kì í ṣe onímọ̀ iṣẹ́ ilẹ̀. Ọmọ Béziers ni, owó orí iyọ̀ tó ń gbà fún ìjọba ló sì sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Ní 1662, ó kọ lẹ́tà sí Colbert, mínísítà Ọba Louis Kẹrìnlá. Nínú lẹ́tà náà, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ pé yóò ya mínísítà lẹ́nu pé agbowó iyọ̀ ń dá sí ọ̀rọ̀ wíwọn ilẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 1666, ọba fọwọ́ sí gbígbẹ́ odò náà.

Ohun tó ti lé àwọn tó ṣíwájú rẹ̀ sá kò ju ọ̀kan lọ: omi kì í gun òkè. Ààrin Toulouse àti òkun náà ga sókè, ibi tó sì ga jù, Naurouze, fi 189 mítà ga ju ojú òkun lọ. Odò tó bá gba ibẹ̀ kọjá yóò máa ṣàn dànù sí ọ̀tún àti sí òsì. Ta ni yóò máa rọ omi sí i? Riquet àti Pierre Campmas, ọ̀gá tó ń bójú tó omi ìlú Revel, wo àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn lórí Montagne Noire. Òkè yẹn ga ju Naurouze lọ. Bí wọ́n bá la ojú àgbàrá láti ibẹ̀, omi yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá. Wọ́n wá mọ ìdídò ńlá kan sí Saint-Ferréol kí omi òjò má baà ṣòfò. Ó lé ní mílíọ̀nù 6 mítà kúbíìkì omi tó ń gbà.

Ìgbà kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ẹgbẹ̀rún 12. Àwọn obìnrin pọ̀ nínú wọn, apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ru iyẹ̀pẹ̀ lọ sí Saint-Ferréol. Chandra Mukerji, tó tẹ ìwé jáde lórí iṣẹ́ náà ní 2009, sọ pé àwọn obìnrin tó wá láti abúlé orí òkè Pyrénées kò gbé agbára nìkan wá: àwọn ni wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń darí omi lórí ilẹ̀ dídagun. Riquet kì í sì í háwọ́ sí wọn. Ó ń san owó ọjọ́ Ìsinmi, ti ọjọ́ ọdún, ti ọjọ́ òjò àti ti ọjọ́ àìsàn. Ní 1936 ni òfin ilẹ̀ Faransé tó wá fún gbogbo òṣìṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ìsinmi tí a ń sanwó fún, ìyẹn òfin tó kó èrò sí ìgbèríko.

Iṣẹ́ náà kò ṣàìkọ́ Riquet lọ́gbọ́n. Ọkọ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú yàrá omi: wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á jẹ́ kí omi kún tàbí kó fà, wọ́n á sì ṣí ilẹ̀kùn tó wà níwájú. Nígbà tí ògiri gbọọrọ àkọ́kọ́ wó, Riquet tẹ àwọn ògiri náà kọdọrọ bí ẹyin kí iyẹ̀pẹ̀ má baà tì wọ́n wọlé mọ́. Ní Fonsérannes, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Béziers, mẹ́jọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ ló tò léra bí àtẹ̀gùn. Ní Malpas, ó dá inú òkè lu ní ohun tó lé ní 160 mítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkúta ibẹ̀ ń rún wómúwómú.

Riquet kú ní oṣù Kẹwàá 1680. Oṣù Karùn-ún 1681 ni wọ́n ṣí odò náà. Gbèsè ló fi sílẹ̀. Owó tó yẹ kó fi fa àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ lé ọkọ lọ́wọ́ pàápàá ti bá iṣẹ́ lọ.

Wáìnì àti ọkà gba ojú omi náà kọjá, ẹṣin ló sì ń fi okùn fa ọkọ̀ láti etí odò. Ọkọ̀ èrò ń lo ọjọ́ mẹ́rin láti Toulouse dé Agde. Ní oṣù Karùn-ún 1787, Thomas Jefferson, tó ń ṣojú Amẹ́ríkà ní Paris nígbà náà, gbé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin rẹ̀ sínú ọkọ̀ kan, ó yọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà, ó sì jókòó sínú rẹ̀ bí ẹni tó wà ní pálọ̀. Bí ijókòó bá sú u, á sọ̀ kalẹ̀, á máa fẹsẹ̀ rìn létí omi. Ohun tí àwọn onísinmi òde òní ń sanwó fún gan-an nìyẹn.

Reluwé ló gba oúnjẹ lẹ́nu odò náà. Ní 1857, ojú irin dé Sète láti Bordeaux, ọdún kejì ni wọ́n sì fi odò háyà fún iléeṣẹ́ reluwé tó ń bá a du ọjà. Ẹ gbọ́ irú èyí! Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù fà á títí di ọ̀rúndún ogún, àmọ́ ní òpin àwọn ọdún 1960, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ háyà fún àwọn tó fẹ́ ṣeré. Ní 1996, UNESCO kà á mọ́ àwọn ogún àjùmọ̀ní ayé.

Igi platane tí gbogbo èèyàn ń yà ní fọ́tò kò sí níbẹ̀ nígbà ayé Riquet. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n gbin èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Bíi ẹgbẹ̀rún 42 ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ní 2006, wọ́n rí àrùn olú kan lára wọn tí kò gbóògùn, èyí tí ọ̀pọ̀ gbà pé inú pákó àpótí ọta ìbọn àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló ti wọ ilẹ̀ Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Láti ìgbà náà, wọ́n ti gé ẹgbẹẹgbẹ̀rún lulẹ̀, wọ́n dáná sun wọ́n, wọ́n sì ń gbin irú igi mìíràn dípò. Níbi tí ìgbóná oòrùn ti ń já lu orí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ báyìí, àwọn igi kéékèèké náà kò tíì yọ ìbòòji kankan.