Ìkọ̀wé àwọn èdè Kàdúná lórí kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá mú owó ẹgbẹ̀rún náírà dání ní ọjà Kàdúná ti mú Àjámì dání, torí ó wà lára owó náà. Àjámì ni lẹ́tà Lárúbáwá tí àwọn Haúsá fi ń kọ èdè tiwọn, kí òyìnbó tó mú ABD dé rárá. Ìwé àfọwọ́kọ Àjámì wà nípamọ́ ní ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Kàdúná. Iṣẹ́ ńlá ni láti tẹ irú wọn sórí kọ̀ǹpútà.

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ló mọ̀. Ìwé nọ́ńbà tí gbogbo ayé ń lò ni Unicode, tó jáde ní 1991. Lẹ́tà tí kò bá sí nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà kò rí i. Àwọn àáfà ilẹ̀ Haúsá láyé àtijọ́ ń kọ lẹ́tà fáà pẹ̀lú tóótó kan nísàlẹ̀, káàfù pẹ̀lú ẹyọ kan lókè, bíi ti Mòrókò. Ṣùgbọ́n ti Íjíbítì ló wọ́pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, níbi tí tóótó kan lókè ti jẹ́ fáà. Ẹni tó bá ka tiwa dàgbà yóò pe fáà ní káàfù! Ọdún 2016 ni fáà, káàfù àti núùnù ti apá ibí gba nọ́ńbà tiwọn. Ọdún yẹn náà ni Adlam wọlé, ìkọ̀wé Fúlàní tí Ibrahima àti Abdoulaye Barry dá sílẹ̀ ní Gínì ní 1989. Ìkọ̀wé N'Ko tí Solomana Kanté ṣe ní 1949 dúró títí di 2006 kó tó wọlé.

Nọ́ńbà nìkan kò tó. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ ya àwòrán lẹ́tà náà, kí ẹlòmíràn ṣe kíbọ́ọ̀dù, kí ètò tó ń gbé e jáde sì mọ̀ pé láti ọ̀tún ni wọ́n ti ń kà á. Owó ló ń ṣe gbogbo èyí, iye oníbàárà sì ni ilé iṣẹ́ ń wò.

Bókò, ABD Haúsá, kò bọ́ nínú ìṣòro yìí. Ɓ, ɗ àti ƙ ti ní nọ́ńbà tipẹ́, síbẹ̀ b, d àti k lásán ni ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lórí fóònù, tí ƙara, «fi kún un», á fi di kara, pòròpórò ọkà. Yorùbá tó ń gbé Kàdúná mọ ìrora yìí: ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní, àmì ohùn ni a ó lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì máa ń ṣí kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀ níbi tí wọn kò bá ti ro tiwa.

Ní ti Àjámì, SIL, àjọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè, ti ya àwòrán lẹ́tà kan fún irú ìkọ̀wé Kano, tó nípọn bí ohun tí kálámù fi sórí wàláà, ọ̀fẹ́ sì ni. Alkalami ni wọ́n pè é, orúkọ tí Haúsá ń pe kálámù náà.