Oògùn Tí Ń Dènà Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Tuntun àti Jẹjẹrẹ Tó Dé Abíyá: Kí Ni Ìwádìí Sọ fún Òkè-Ògùn?

Kí ọ̀pọ̀ obìnrin ní Nàìjíríà tó gbé jẹjẹrẹ ọyàn dé ọ̀dọ̀ dókítà, àrùn náà ti wọ àwọn kókó abíyá. Obìnrin tó ń bọ̀ láti Ṣakí, Kìṣí tàbí Ìgbòho ní Òkè-Ògùn tún ní ọ̀nà jíjìn láti rìn kó tó dé ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni bóyá àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun hù lè dí ọ̀nà tí jẹjẹrẹ ń gbà dé àwọn kókó wọ̀nyí, èyí tí oníṣègùn ń pè ní lymph node. Ní tiwa, ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tíì gbè é.

Ìrètí náà ní ìpìlẹ̀. Ní 1971, Judah Folkman, oníṣẹ́-abẹ ní Boston, kọ ọ́ sínú New England Journal of Medicine pé jẹjẹrẹ kò lè tóbi ju mìlímítà díẹ̀ lọ bí kò bá fa iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ẹni tó bá dí iṣan náà ti fi ebi pa á. Ní 1989, Napoleone Ferrara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Genentech dá VEGF mọ̀, ìyẹn pòrótéènì tí ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ hù. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2004, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí bevacizumab, oògùn tó ń dí VEGF, fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá tó ti tàn kálẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣan tí omi ara ń gbà kọjá lọ sí abíyá yàtọ̀ sí iṣan ẹ̀jẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n fi eku ṣe, tó jáde ní 2001, fi hàn pé VEGF-C àti VEGF-D ló ń mú irú iṣan yìí gbilẹ̀, tí jẹjẹrẹ sì ń bá a dé inú kókó. VEGF-A, ìyẹn VEGF ti àkọ́kọ́ náà, nìkan ni bevacizumab ń mú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í rántí ìyàtọ̀ yìí nígbà tí wọ́n bá ń yin oògùn náà.

Èyí tó tún wúwo jù ni iṣẹ́ Timothy Padera àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Massachusetts General Hospital, tó jáde ní 2015. Wọ́n rí i pé jẹjẹrẹ tó ti dé inú kókó kò fi dandan nílò iṣan tuntun, nítorí pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó kọ́lé sẹ́bàá odò kì í wá kàǹga. Oògùn tí ń dènà iṣan tuntun kò dá a dúró. Ní 2009 pàápàá, ìwádìí méjì nínú Cancer Cell ti fi hàn nínú eku pé irú oògùn báyìí lè dín ìdàgbà jẹjẹrẹ kù níbì kan, kí ó sì mú un túbọ̀ ràn kálẹ̀.

Ti ènìyàn náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Wọ́n fún àwọn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́-abẹ jẹjẹrẹ ìfun ńlá fún ní bevacizumab, tó fi mọ́ àwọn tí àrùn ti dé kókó wọn. Kò dín ìpadàbọ̀ àrùn náà kù. Ìwádìí BEATRICE ti 2013 dán an wò lára àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọyàn triple-negative, kò sì sí èrè níbẹ̀. Èyí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé oríṣi yìí, tí oògùn họ́mọ̀nù kò ràn, wọ́pọ̀ lára àwọn obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju ti àwọn obìnrin Yúróòpù lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade, akẹ́kọ̀ọ́jáde Yunifásítì Ìbàdàn tó wà ní Chicago, ti bá àwọn oníṣègùn Ìbàdàn ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù kọkànlá 2011, ìjọba Amẹ́ríkà fagi lé àṣẹ tí wọ́n ti fún bevacizumab lórí jẹjẹrẹ ọyàn.

Nínú jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ, a ti rí ohun tó ṣe é dì mú. Nínú ìwádìí GOG 240, tó jáde ní 2014, ìdajì àwọn tó gba bevacizumab mọ́ oògùn kẹmò lo oṣù 17.0 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé, níbi tí ìdajì àwọn tó gba kẹmò nìkan ti lo 13.3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. A kò fojú tín-ín-rín nǹkan bí oṣù mẹ́rin: ìyá lè fi í rí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru, ìsun ẹ̀jẹ̀ àti ihò nínú ìfun wà lára ohun tí oògùn náà ń fà. Ẹni tó ń gbà á gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ wò déédéé, níbi tí dókítà wà nítòsí. Ìjọba tó bá rówó rà á fún Òkè-Ògùn láìṣètò àyẹ̀wò yìí ń fi aláìsàn wewu.

Ní ojú tiwa, owó náà yóò ṣiṣẹ́ jù bí a bá kọ́kọ́ ná an sórí nọ́ọ̀sì ilé ìlera Ìsẹ́yìn àti Òkèhò, kí wọ́n lè mọ bí a ti ń fọwọ́ tọ ọyàn àti abíyá wò, kí wọ́n sì ní ọ̀nà láti gé ẹran díẹ̀ níbi tó wú, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Kókó tí kò dunni ló yẹ kí a bẹ̀rù jù, òun gan-an ni àwọn ènìyàn sì ń fi sílẹ̀.

Iye àwọn tó ń dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú jẹjẹrẹ tó ti wọ kókó abíyá láti ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá Òkè-Ògùn ni ìwádìí tó tún yẹ kó tẹ̀lé e. Àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ Ìbàdàn, tó ti wà láti àwọn ọdún 1960, jẹ́ ti àwọn olùgbé Ìbàdàn. Ẹni tó wá láti Ṣakí kò sí nínú ìṣirò rẹ̀.