Yíyẹra fún owó-orí láàrin àwọn gbajúmọ̀ olówó

Yíyẹra fún owó-orí ni lílo àwọn àyè tó wà nínú òfin láti dín owó-orí tí ènìyàn yóò san fún ìjọba kù, láì parọ́ àti láì fi owó kankan pamọ́. Ó yàtọ̀ sí jìbìtì owó-orí, èyí tí í ṣe ìwà ọ̀daràn, nínú èyí tí ẹni tó jẹ owó-orí ti ń parọ́ nípa iye tó wọlé fún un. Nígbà tó bá jẹ́ pé olórin, òṣèré, aláwàdà tàbí eléré ìdárayá tó lówó lọ́wọ́ ló ń yẹra bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà a máa di àríyànjiyàn ní gbangba: ṣé ohun tí òfin kò kà léèwọ̀ ti di ohun tó tọ́ ni? Ọ̀kan lára àwọn àríyànjiyàn tó lágbára jù lórí ọ̀rọ̀ yìí wáyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2012, nígbà tí ìwé ìròyìn The Times gbé ọ̀ràn aláwàdà Jimmy Carr jáde.

Ìtumọ̀ àti ààlà

Oríṣi ìwà mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ òfin máa ń yà sọ́tọ̀. Èkíní ni lílo ìyọ̀ǹda tí ìjọba fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀, bí i kíkó owó pamọ́ fún ìgbà ìfẹ̀yìntì tàbí fífún ẹgbẹ́ aláàánú lówó. Kò sí ẹni tó ń bá ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ wí, nítorí ohun tí àwọn aṣòfin ń fẹ́ ló ṣe. Èkejì ni yíyẹra: gbogbo ìgbésẹ̀ ló bá ọ̀rọ̀ inú ìwé òfin mu, ṣùgbọ́n àbájáde wọn kì í ṣe ohun tí àwọn tó ṣe òfin náà ní lọ́kàn. Ẹ̀kẹta ni jìbìtì.

Ààlà tó wà láàrin ìkejì àti ìkẹta kì í fìgbà gbogbo hàn kedere. Agbábọ́ọ̀lù tẹ́níìsì Boris Becker sọ pé Monaco ni òun ń gbé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Bí ó bá jẹ́ pé òótọ́ ni, òfin ì bá gbè é. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ kan ní Munich rí i pé Munich gan-an ló ń gbé, ó sì dá a lẹ́bi jìbìtì owó-orí ní ọdún 2002. Ní ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ kan ní Barcelona dá agbábọ́ọ̀lù Lionel Messi àti bàbá rẹ̀ lẹ́bi pé wọ́n lo àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè láti fi owó tó ń wọlé lórí àwòrán àti orúkọ rẹ̀ pamọ́ láti ọdún 2007 sí 2009. Messi sọ pé òun kàn ń fọwọ́ sí ìwé ni, bàbá òun ni òun gbẹ́kẹ̀ lé. Ilé-ẹjọ́ kò gba àwíjàre yẹn wọlé.

Ìpìlẹ̀ nínú òfin

Àwọn tó ń gbèjà yíyẹra fún owó-orí sábà máa ń tọ́ka sí ẹjọ́ tó wáyé ní àárín àwọn ọdún 1930 láàrin àjọ owó-orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Duke ti Westminster, ọ̀kan lára àwọn ọlọ́rọ̀ tó tóbi jù nígbà náà. Dípò kí ó san owó-iṣẹ́ fún àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀, tí olùtọ́jú ọgbà wà lára wọn, ó bá wọn ṣe ìwé àdéhùn pé òun yóò máa fún wọn ní iye kan. Òfin gba irú sísan bẹ́ẹ̀ láàyè láti yọ kúrò lára owó tí a ń bu owó-orí lé. House of Lords, tó jẹ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù nígbà náà, dá Duke láre. Lord Tomlin sọ níbẹ̀ pé olúkúlùkù ló ní ẹ̀tọ́ láti ṣètò ọ̀ràn ara rẹ̀ kí owó-orí rẹ̀ lè kéré, bí ó bá lè ṣe é.

Ní Amẹ́ríkà, Adájọ́ Learned Hand sọ ohun tó jọ èyí ní ọdún 1934, pé ìfẹ́ orílẹ̀-èdè ẹni kò sọ ọ́ di dandan láti sọ owó-orí ẹni di púpọ̀. Àwọn tó ń lo ọ̀rọ̀ náà kì í sábà fi kún un pé Adájọ́ Hand dá ẹni tó ń yẹra náà lẹ́bi nínú ẹjọ́ yẹn kan náà, nítorí pé ìdúnàádúrà rẹ̀ kò ní ète òwò kankan nínú.

Ní ọdún 1981, House of Lords fúnra rẹ̀ dín agbára ìdájọ́ Westminster kù nínú ẹjọ́ Ramsay. Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá to ìgbésẹ̀ púpọ̀ jọ nítorí owó-orí nìkan, adájọ́ lè wo gbogbo wọn pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun kan ṣoṣo, kí ó sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òtítọ́.

Ìtàn láàrin àwọn gbajúmọ̀

Ní àwọn ọdún 1960, owó-orí tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹgbẹ́ olórin The Beatles fi orin ṣàròyé nípa rẹ̀ ní ọdún 1966. Ní ọdún 1971, The Rolling Stones kó kúrò nílùú lọ sí gúúsù ilẹ̀ Faransé nítorí owó-orí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gba apá kan àwo orin wọn Exile on Main St sílẹ̀.

Ọ̀ràn ẹgbẹ́ U2 ti ilẹ̀ Írẹ́lándì tún yàtọ̀. Láti ọdún 1969 ni Írẹ́lándì ti ń dá àwọn ayàwòrán, òǹkọ̀wé àti olórin sí nínú owó-orí lórí iṣẹ́ ọnà wọn. Nígbà tí ìjọba pinnu láti fi òpin sí ìdásí náà ní 250,000 yúrò lọ́dún, U2 gbé apá kan òwò wọn lọ sí Nẹ́dálándì ní ọdún 2006. Olórin wọn, Bono, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rọ àwọn ìjọba ilẹ̀ olówó láti ran Áfíríkà lọ́wọ́ àti láti fagi lé gbèsè rẹ̀. Àwọn alátakò béèrè bí ẹni tó ń bẹ ìjọba pé kí ó ná owó-orí fún àwọn aláìní ṣe lè máa dín tirẹ̀ kù. Ní ọdún 2011, àwọn olùfẹ̀hónúhàn gbé bàlúùnù ńlá kan sókè nígbà tí ẹgbẹ́ náà ń kọrin ní Glastonbury. Bono dáhùn pé ìlànà tí Írẹ́lándì fúnra rẹ̀ fi ń fa àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè wọlé ni àwọn náà tẹ̀ lé.

Ní Faransé, òṣèré Gérard Depardieu kó lọ sí abúlé kan ní Bẹ́ljíọ̀m ní ọdún 2012, nígbà tí ìjọba ń gbèrò owó-orí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tó bá ju mílíọ̀nù kan yúrò lọ. Alákóso Àgbà ilẹ̀ náà bẹnu àtẹ́ lù ú ní gbangba. Ní oṣù Kìíní ọdún 2013, Rọ́ṣíà sọ ọ́ di ọmọ onílẹ̀.

Ọ̀ràn Jimmy Carr

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2012, The Times ròyìn pé Jimmy Carr wà lára àwọn ènìyàn tó lé ní 1,000 tó ń lo ètò kan tí wọ́n ń pè ní K2. Ìwé ìròyìn náà sọ pé ètò náà ń yọ mílíọ̀nù 168 pọ́n-ùn kúrò lábẹ́ owó-orí lọ́dọọdún, tí ti Carr nínú rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 3.3.

Bí K2 ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹni tó wọ inú rẹ̀ yóò fi iṣẹ́ tó ń ṣe fún ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan ní erékùṣù Jersey yóò sì gbà á síṣẹ́. Jersey kì í ṣe ara Ilẹ̀ọba Aṣọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe òfin owó-orí rẹ̀. Owó tí ẹni náà bá pa yóò lọ sínú àpò kan tí àwọn alágbàtọ́jú ń bójú tó ní Jersey, wọn yóò sì san owó-oṣù kékeré fún un. Wọn yóò wá fún un ní ìyókù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yáwó. Nítorí pé ènìyàn kì í san owó-orí lórí owó tó yá, iye tó ń dé ọwọ́ ìjọba lè má ju nǹkan bí ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó retí pé a ó san ẹ̀yáwó náà padà ní tòótọ́.

Ohun tó mú kí ìbínú àwọn ará ìlú le ni pé Carr ti fi ilé-ìfowópamọ́ Barclays ṣe yẹ̀yẹ́ rí lórí tẹlifíṣọ̀n nítorí owó-orí kékeré tí ó ń san. Alákóso Àgbà David Cameron, tó wà ní ìpàdé G20 ní Mẹ́síkò, sọ pé ohun tí Carr ṣe kò tọ́ ní ti ìwà ọmọlúàbí. Lọ́jọ́ kejì, Carr tọrọ àforíjì lórí Twitter, ó gbà pé òun ṣi ọ̀rọ̀ náà rò, ó sì kúrò nínú ètò náà. Kò sí ẹ̀sùn ọ̀daràn kankan tí wọ́n fi kàn án.

Ìdásí Cameron náà fa awuyewuye. Olórí ẹgbẹ́ alátakò, Ed Miliband, sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ olóṣèlú láti máa kọ́ àwọn ènìyàn ní ìwà. Bí nǹkan kò bá dára, kí wọ́n yí òfin padà. Àwọn mìíràn ṣàkíyèsí pé Cameron kọ̀ láti sọ̀rọ̀ nípa olórin Gary Barlow, alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, tí ìròyìn ti gbé orúkọ rẹ̀ jáde nínú ètò mìíràn. Ní ọdún 2016, nígbà tí Panama Papers jáde, Cameron fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ti ní ìpín rí nínú àpò owó ilẹ̀ òkèèrè tí bàbá òun dá sílẹ̀, ó sì sọ pé òun san owó-orí tó yẹ lórí èrè rẹ̀.

Ọ̀ràn Icebreaker

Ètò tí orúkọ Barlow wà nínú rẹ̀ ni Icebreaker. Òun, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Howard Donald àti Mark Owen nínú ẹgbẹ́ Take That, pẹ̀lú alábòójútó wọn, fi owó sínú àwọn òwò àjọṣe tí wọ́n sọ pé ó wà fún ìdàgbàsókè iṣẹ́ orin. Lórí ìwé, àwọn òwò náà pàdánù owó ńlá, wọ́n sì ń yọ àdánù yìí kúrò lára owó tí a ń bu owó-orí lé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2014, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ kan pinnu pé dídín owó-orí kù ni olórí ète ètò náà. Barlow tọrọ àforíjì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ètò tí àwọn tó ń tà á ń pè ní ohun tó bófin mu lè jẹ́ ohun tí ilé-ẹjọ́ kò tíì yẹ̀ wò ni.

Àríyànjiyàn lórí ẹ̀tọ́

Àwọn tó ń gbè é sọ pé òfin nìkan ló yẹ kí ó sọ iye tí ènìyàn jẹ. Bí iye náà bá wá di ọ̀rọ̀ ojú rere, kò sí ẹni tí yóò mọ ìgbà tí òun ti san tó, ìjọba yóò sì lè fi ìtìjú gba ohun tí kò lè fi òfin gbà. Wọ́n tún ní owó olórin tàbí eléré ìdárayá kì í pẹ́ kó tó gbẹ, nítorí náà ó ní ìdí láti tọ́jú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbajúmọ̀ ni kò sì mọ ohun tó wà nínú ìwé tí oníṣirò owó wọn gbé síwájú wọn.

Àwọn tó takò ó sọ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: ojú ọ̀nà, ilé-ẹ̀kọ́, ilé-ìwòsàn àti ilé-ẹjọ́ tí ó ń dáàbò bo orin àti orúkọ gbajúmọ̀ náà, owó-orí ni a fi ń gbé wọn ró. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò lè yẹra, nítorí a ti yọ owó-orí wọn kí owó-oṣù tó dé ọwọ́ wọn. Ohun tí olówó kò san, àwọn yìí ni yóò san án, tàbí kí iṣẹ́ ìjọba dín kù. Wọ́n tún ní fífún àwọn aláìní ní ẹ̀bùn kò dípò owó-orí, nítorí olówó nìkan ló ń yan ẹni tí ẹ̀bùn rẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òǹkọ̀wé J. K. Rowling kọ̀wé ní ọdún 2010 pé òun kò kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí owó-orí, torí pé owó ìrànwọ́ ìjọba ló gbé òun ró nígbà tí òun jẹ́ ìyá tó ń dá ọmọ tọ́.

Ìyípadà òfin àti àbájáde rẹ̀

Ní ọdún 2013, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin gbogbogbòò kan tó fún àjọ owó-orí, HMRC, lágbára láti fagi lé àǹfààní ètò tí kò sí bí ènìyàn ṣe lè kà á sí ìwà tó bọ́gbọ́n mu. Ní ọdún 2014, HMRC gba agbára láti béèrè owó tí ìjà wà lórí rẹ̀ kí ẹjọ́ tó parí. Òfin ọdún 2017 wá bu owó-orí lé ẹ̀yáwó irú ti K2, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 2019.

Òfin ìkẹyìn yìí bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kì í ṣe olókìkí. Àwọn tó ń ta irú ètò yìí ti tà á fún nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ aláfẹ̀hìntì àwùjọ àti àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ àgbàṣe. A sọ fún àwọn kan lára wọn pé bí wọn yóò ṣe máa gba owó-iṣẹ́ nìyẹn. Gbèsè ńlá já lé ọ̀pọ̀ wọn lórí. Lẹ́yìn àyẹ̀wò kan ní òpin ọdún 2019, ìjọba yọ àwọn ẹ̀yáwó tó ṣáájú oṣù Kejìlá ọdún 2010 kúrò. Carr ní agbára láti kúrò nínú K2 kí ó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn wọ̀nyí kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀.

Ní Nàìjíríà

Òfin owó-orí Nàìjíríà ní gbòǹgbò nínú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti pẹ́ tí ó ti fún àjọ owó-orí láyè láti ṣàìka ìdúnàádúrà tó jẹ́ ti orí ìwé lásán sí. Lábẹ́ òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026, ẹnikẹ́ni kò ní san owó-orí lórí 800,000 náírà àkọ́kọ́ tí a ń bu owó-orí lé, nígbà tí àwọn tó lówó jù yóò san ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lórí apá tó ga jù nínú owó wọn.

Àríyànjiyàn lórí ẹ̀tọ́ owó-orí ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá ṣáájú èyí. Ogun Àdùbí ti ọdún 1918 ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti ìfẹ̀hónúhàn àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti darí ní òpin àwọn ọdún 1940 jẹ́ kíkọ owó-orí ní gbangba. Àwọn obìnrin náà sọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́, wọ́n sì gba ìyà rẹ̀. Yíyẹra fún owó-orí kì í ní irú ìkéde bẹ́ẹ̀ nínú, ìwé ìròyìn ló sì sábà máa ń tú u síta.