Kì í Ṣe NATO Ló Bí I

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé State Partnership Program, ètò tó so National Guard ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà pọ̀ mọ́ iléeṣẹ́ ológun orílẹ̀-èdè mìíràn, jẹ́ ọgbọ́n tí Pentagon, iléeṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà, ta láti fa àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ Soviet wọ àjọ NATO. Ìtàn náà rọrùn láti gbà, nítorí pé Latvia, Estonia àti Lithuania tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ètò náà wọ NATO lọ́dún 2004 lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí odò ṣàn dé ni wọ́n ń pè ní orísun rẹ̀.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí ní Latvia lọ́dún 1992. Kò tíì pé ọdún méjì tí òmìnira padà tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà ṣì pàgọ́ sórí ilẹ̀ wọn, wọn ò sì kó kúrò títí di oṣù Kẹjọ 1994. Ohun tí Latvia gbójú lé jù ni Zemessardze, ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú tó yọ̀ǹda ara wọn láti gbé ìbọn ṣọ́ ilẹ̀ baba wọn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1991. National Guard ni irú ológun bẹ́ẹ̀ jọ: olùkọ́ tàbí àgbẹ̀ tó ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, tó ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù àti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún, tí gómìnà sì lè pè jáde bí omíyalé bá dé. Latvia fẹ́ ológun tí ará ìlú ń ṣe, tí alágbádá ń pàṣẹ fún. Ní oṣù Kọkànlá 1992, John Conaway, ọ̀gá àgbà National Guard nígbà náà, dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tó di 1993, wọ́n ti so Michigan pọ̀ mọ́ Latvia, Maryland mọ́ Estonia, Pennsylvania mọ́ Lithuania.

Ẹnìkan lè sọ pé ọwọ́ Pentagon ṣì wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀, n ò jiyàn: àwọn ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà ní Yúróòpù ti ní ètò ìbáṣepọ̀ tiwọn kí National Guard tó wọlé. Àmọ́ kí ló dé tí wọn ò fi rán ọmọ ogun inú bárékè lọ? Wọn ò fẹ́ kí Rọ́ṣíà rí Amẹ́ríkà bí ẹni tó ń wá ogun, ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ́ ìgbà náà fi dá lórí òfin, ìṣègùn àti ìrànwọ́ nígbà àjálù, tí wọn ò fọwọ́ kan ohun ìjà. Ètò Partnership for Peace tí NATO fi ṣílẹ̀kùn fún ìlà-oòrùn Yúróòpù kò bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù Kìíní 1994, lẹ́yìn tí State Partnership Program ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1993 kan náà ni wọ́n so Arizona pọ̀ mọ́ Kazakhstan, California mọ́ Ukraine. Títí di òní, kò sí èyí tó wọ NATO nínú àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. California ni alábàáṣe Nàìjíríà láti 2006, North Dakota sì ni ti orílẹ̀-èdè Benin àti Togo láti 2014. Ẹni tó bá gba ìtàn NATO gbọ́ yóò rò pé gbígbà nìkan ni iṣẹ́ àwọn ìjọba wa nínú ètò yìí. Bẹ́ẹ̀, àìní orílẹ̀-èdè kékeré kan, tó mọ irú ológun tó wù ú, ló fún ètò náà ní ìrísí rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Benin, tí àwọn agbébọn ń yọ lẹ́nu ní ẹkùn Atacora àti Alibori ní àríwá rẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti sọ ohun tó fẹ́ kọ́ lọ́dọ̀ North Dakota àti ohun tí kò fẹ́, bí Latvia ṣe sọ tirẹ̀.