Ìrora Kì Í Ṣe Ọjọ́ Orí

Ìlú àgbẹ̀ ni Fìdítì, ìlú ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ roko fún ogójì ọdún, oríkèé rẹ̀ yóò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ alẹ́. Láyé àtijọ́, òrí àti àdí ni a fi ń wọ́ ọ; a sì ń sín gbẹ́rẹ́ sí i. Bí ìrora kò bá lọ, a ó ní, “Ara àgbà ni.” Èmi kò fara mọ́ gbólóhùn yìí. Ọdún 1957 ni UCH ṣílẹ̀kùn ní Ìbàdàn. Ọdún 2012 ni ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó dé ibẹ̀. Àgbà dúró fún ọdún 55! Ní báyìí, oògùn ìrora tí à ń rà láìbéèrè, bí ibuprofen, lè ba inú àti kíndìnrín arúgbó jẹ́. Bí ìyá bá ní orúnkún ń dun òun, ẹ má fi ọjọ́ orí dá a lóhùn.